Ilé Ọba Tí Ó Jó: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dmochowski lórí Ilé Àtijọ́ ní Nàìjíríà

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nígbà tí a bá ń tu ẹni tí àdánù bá nínú ni a sábà máa ń pa á, a kì í sì í dúró wádìí ohun tí ó mú un jẹ́ òtítọ́. Iná kì í bu ẹwà sí ilé. Ènìyàn ni í bu ẹwà sí i. Ní ayé àtijọ́, bí iná bá sọ ààfin di eérú, kì í pẹ́ tí ìlú yóò fi péjọ. Àwọn tí ó mọ amọ̀ í pò yóò pò ó. Àwọn tí ó mọ ògiri í mọ yóò mọ ọ́n. Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn titun. Àwọn ará ìletò yóò sì ru koríko àti ewé wá fún òrùlé. Ilé jó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ilé kò jó, nítorí pé orí àti ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ìmọ̀ náà wà.

Bí àwọn tí ó ní ìmọ̀ náà bá ti kú tán ńkọ́? Bí gbẹ́nàgbẹ́nà ìkẹyìn bá ti lọ, tí kò sì sí ọmọ tí ó jókòó ti iṣẹ́ náà? Nígbà náà, ilé tí ó bá jó tàbí tí ó bá wó ti lọ títí láé, bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ni a ó fi dí ojú ihò rẹ̀. Àfi bí a bá rí ohun mìíràn tí yóò máa rántí ilé náà dípò orí àwọn àgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọjọ́ ayé wọn wá irú ohun bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Zbigniew Rene Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Pólándì, tí a bí ní ọdún 1906, tí ó sì kú ní ọdún 1982. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí a wọn ilé náà, kí a sì yà á sórí bébà, kí ó tó wó.

BÍ Ó ṢE KỌ́ IṢẸ́ NÁÀ

Ní Warsaw, olú-ìlú Pólándì, ni Dmochowski ti kẹ́kọ̀ọ́, ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ fún kíkọ́ nípa ilé àtijọ́ ilẹ̀ Pólándì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oskar Sosnowski sì ni olórí rẹ̀. Ìdí pàtàkì wà tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ fi wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìjọba alágbára mẹ́ta fi pín ilẹ̀ Pólándì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọdún 1918 ni orílẹ̀-èdè náà tó gba ara rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti rí i pé bí orúkọ ènìyàn bá tilẹ̀ parẹ́ lórí máàpù, èdè rẹ̀ àti ilé àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó kù pé ó ti wà rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti bébà. Wọn kò rán wọn lọ sí ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá nìkan. Wọ́n rán wọn lọ sí abúlé pẹ̀lú, láti lọ wọn ilé olóko, àká, àti ilé ìjọsìn tí a fi igi kọ́.

Iṣẹ́ tí ó mú orúkọ Dmochowski jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni èyí tí ó ṣe ní Polesie, ilẹ̀ àbàtà tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Pólándì ìgbà náà, tí ó wà lábẹ́ Belarus àti Ukraine lónìí. Igi ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ́ ilé. Wọn a to ìtì igi lé ara wọn, wọn a sì fi àáké gbẹ́ ẹnu wọn ní igun ilé kí wọ́n lè wọnú ara wọn ṣinṣin. Ẹni tí ó bá fi ojú yẹpẹrẹ wò ó lè rò pé ilé tálákà lásán ni. Ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n ni yóò rí i pé ó ní òfin: gígùn igi ni í pinnu ìbú yàrá, ìbú yàrá ni í pinnu gíga òrùlé, bí òjò àti yìnyín ṣe ń rọ̀ níbẹ̀ ni í sì í pinnu bí òrùlé yóò ṣe dà gẹ̀rẹ̀. Ojú tí Dmochowski fi wo ilé olóko Polesie yìí náà ni ó wá fi wo agbo ilé àti ààfin ní Nàìjíríà. Kò wá ohun ìyanu kiri. Òfin tí ó wà nínú ilé ni ó ń wá.

OHUN TÍ BÉBÀ ṢE NÍ WARSAW

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Pólándì. Sosnowski fara gbọgbẹ́ nígbà tí wọ́n ń yìnbọn ńlá lu Warsaw, ó sì kú nínú oṣù náà gan-an. Èyí tí ó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní ọdún 1944, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn tí ó gba ìlú wọn. Nígbà tí apá àwọn ará Jámánì ká wọn tán, wọ́n fi iná àti àgbá ẹ̀tù wó Warsaw ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, ní ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ogun fi parí, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìlú náà ni ó ti di àlàpà.

Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Sosnowski ti yà kò jóná. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Jan Zachwatowicz, ti kó wọn kúrò nínú ìlú ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sí ilé àwọn mọ́ńkì kan ní ìlú Piotrków. Lẹ́yìn ogun, àwọn bébà wọ̀nyí, pẹ̀lú àwòrán tí oníṣẹ́ ọnà Bellotto ti ya ìlú náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ni àwọn ọ̀mọ̀lé tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń wò kọ́ Warsaw àtijọ́ padà. Ní ọdún 1953 ni wọ́n ṣí gbàgede ọjà àtijọ́ ìlú náà fún àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1980, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé, kì í ṣe nítorí pé ó ti pẹ́, bí kò ṣe nítorí ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ padà.

Àwọn sínágọ́gù onígi ti àwọn Júù kò rí irú oore yẹn. Iná ogun jó wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ó kù. Ìwọ̀n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ̀n wọ́n kí ogun tó dé nìkan ni ó jẹ́ kí ayé mọ bí wọ́n ti rí. Ní ọdún 1957, Maria àti Kazimierz Piechotka fi àwọn àwòrán náà ṣe ìwé kan tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí ó ṣe, ó ju àádọ́ta ọdún lọ, wọ́n tún àjà sínágọ́gù Gwoździec gbẹ́, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà bí ti àtijọ́. Ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Warsaw lónìí. Àwọn tí ó ń jọ́sìn lábẹ́ rẹ̀ rí kò padà wá. Ilé nìkan ni bébà lè dá padà, kò lè dá onílé padà.

BÍ Ó ṢE DÉ NÀÌJÍRÍÀ

Lẹ́yìn ogun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dmochowski wà. Ní ọdún 1956 ni ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ilé kíkọ́ ní Pólándì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1958, ó di òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìjọba tí ń bójú tó Ohun Àtijọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀ka náà kò tíì dàgbà nígbà náà. Ọdún 1943 ni ìjọba fi K. C. Murray ṣe alábòójútó ohun àtijọ́. Ọdún 1952 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Jos. Ọdún 1953 ni a ṣe òfin tí ó fún ẹ̀ka náà ní agbára. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa ohun àtijọ́ ni ère: ère idẹ, ère amọ̀, ère igi. Ère ṣeé gbé sínú ilé, ó ṣeé tì mọ́. Ilé kò ṣeé gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní àkókò yẹn gan-an ni ilé ń yára parẹ́. Páànù ti gba ipò koríko àti ewé. Sìmẹ́ǹtì ti ń gba ipò amọ̀. Ẹni tí ó bá sì ta kòkó rẹ̀ dáadáa, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ó ń fi ṣe àpẹẹrẹ ọlá, kì í ṣe agbo ilé baba rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí fún un. Ilé gbọ́dọ̀ sin ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí a mọ ohun tí a ń wó kí a tó wó o.

Ọdún méje ni Dmochowski lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, títí di ọdún 1965. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà la orílẹ̀-èdè já, láti ilẹ̀ Haúsá dé ilẹ̀ Yorùbá, Ìbìní, ilẹ̀ Nupe, ilẹ̀ Tiv, àti ilẹ̀ Ìgbò.

BÍ A ṢE Ń WỌN ILÉ

Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fọ́tò ti tó. Fọ́tò a máa fi ojú ilé hàn láti ibi tí ayafọ́tò dúró sí nìkan. Kò lè sọ bí ògiri ti nípọn tó, kò lè sọ bí yàrá ti jìn tó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò sì lè fi bí òrùlé ṣe so mọ́ra hàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ilé yóò kọ́kọ́ rìn yí i ká, yóò wọlé, yóò sì ya ìrísí rẹ̀ gbẹ̀rẹ́gẹ̀dẹ̀ sórí bébà láìlo ìwọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni okùn ìwọ̀n yóò jáde. A ó wọn gígùn ògiri kọ̀ọ̀kan, bí ó ti nípọn tó, ìbú ẹnu ọ̀nà, àti gíga àtẹ́rígbà láti ilẹ̀. Nítorí pé ògiri amọ̀ kì í gún régé, wíwọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá kò tó. A ní láti tún wọ̀n láti igun kan dé igun tí ó kọjú sí i. Bí ìwọ̀n láti igun sí igun ní ọ̀tún bá ju ti òsì lọ, a ó mọ̀ pé yàrá náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó ti fì gan-an ni a ó sì ṣe yà á. Ayàwòrán tí ó bá tún un ṣe kí ó lè gún ti purọ́ mọ́ ilé.

Nígbà tí ó bá délé, yóò sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán tí ó ní òṣùwọ̀n. Ẹsẹ̀ kan lórí bébà lè dúró fún àádọ́ta ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Àwòrán mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni àwòrán ilẹ̀ ilé, tí ó ń fi yàrá àti àgbàlá hàn bí ẹni pé a ti ká òrùlé kúrò. Èkejì ni àwòrán gígé, èyí tí ó dà bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ la iṣu láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí a sì ń wo ojú ibi tí a là: ìpìlẹ̀, ògiri, àjà àti òrùlé a fara hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta ni Dmochowski fi ta ọ̀pọ̀ yọ. Òun ni àwòrán tí a yà bí ẹni tí ó wà lókè bí àṣá, tí a sì ṣí apá kan òrùlé àti ògiri sílẹ̀ kí ojú lè rí inú ilé. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ rárá lè wo irú àwòrán yìí, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí bàbá ń sùn, ibi tí ìyá ti ń dáná, àti ibi tí ewúrẹ́ ń wọ̀ sí.

ÒFIN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ YORÙBÁ

Kí ni irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń fi hàn nípa ilé Yorùbá? Ohun àkọ́kọ́ ni pé àárín ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé òyìnbó a máa kọjú sí títì. Agbo ilé Yorùbá kọjú sí inú ara rẹ̀. Àgbàlá wà láàárín, ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, yàrá sì tò sẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn yàrá kéré, wọ́n sì ṣókùnkùn, àwọn àlejò kan sì fi èyí ṣe àléébù. Wọn kò mọ̀ pé yàrá wà fún oorun àti fún ìpamọ́ ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ènìyàn ń gbé: ibẹ̀ ni a ti ń jẹun, tí a ti ń pa àlọ́, tí a ti ń hun aṣọ, tí a ti ń parí ìjà.

Òrùlé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa dà sínú àgbàlá. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò dà wá sí àárín, ìkòkò yóò gba èyí tí ó wúlò, èyí tí ó kù yóò sì bá ojú àgbàrá jáde sí ẹ̀yìn ilé. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ àgbàlá fi máa ń lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Lójú fọ́tò, ìdágẹ̀rẹ̀ yìí kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú àwòrán gígé, òun ni ó gba ilé là, nítorí pé omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Ìdí kan náà ni òrùlé fi máa ń yọ gùn kọjá ògiri, tí òpó sì fi ń gbé e ró.

Ògiri pẹ̀lú ní ètò. A ó gbẹ́ amọ̀, a ó bomi rin ín, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Ọ̀wẹ̀ ni a sábà máa ń fi ṣe é, nítorí iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. A ó mọ ìpele kìíní yí ilé ká, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Ẹni tí ó bá kánjú mọ ìpele mẹ́ta ní ọjọ́ kan yóò bá a nílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Òrùlé ní tirẹ̀ a máa yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú: koríko ní ọ̀dàn, ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ níbi tí igbó wà. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni a fi ń ru koríko wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, kò sì sí ìlú tí ó ru koríko yìí wá tí kò mọ̀ pé sísìn ni òun ń sìn. Òrùlé ààfin tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ ọba.

Bí a bá ti ti agbo ilé bọ́ sí ààfin, àgbàlá kan yóò di púpọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ń pe àgbàlá ààfin ní ùghà, wọ́n ní iye rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún nígbà kan rí. Àgbàlá kọ̀ọ̀kan a máa ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ayé lè dé gbàgede iwájú. Àwọn olóyè a dé ti inú. Díẹ̀ nínú wọn ni í dé èyí tí ó tún jinlẹ̀. Ọba àti àwọn tí ó ń sin ín nìkan ni ó mọ èyí tí ó kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú àwòrán ilẹ̀ ààfin lọ́wọ́, òfin ìlú ni ó mú lọ́wọ́. Ó lè tọ́ka sí ibi tí agbára olóyè kọ̀ọ̀kan mọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó rí èyí dáadáa, nítorí ó fi odindi ìwé kan, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, ṣàlàyé ààfin àwọn ọba Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi lè mọ ìlú.

ÒPÓ TÍ Ó KÚRÒ LÁBẸ́ ÒRÙLÉ

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá ka ilé sí, tí a sì ka ère inú rẹ̀ sí, hàn gbangba nínú ọ̀ràn Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì tí ó kú ní ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ, wọ́n sì ṣe àga ìtẹ́ kan fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ó fi ọba hàn lórí ìtẹ́ tí olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ga jù ú lọ, wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tí ó ń wo òpó yìí ní Chicago ń yìn ín, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ẹ fún yàrá funfun tí iná mànàmáná ń tàn sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ni ó gbẹ́ ẹ fún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti àgbàlá, tí ẹni tí ó wá kí ọba ti ń kúnlẹ̀ tí ó sì ń gbójú sókè. Ilé ni ó mú kí òpó ní ìtumọ̀. Bí ẹnì kan bá ti wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tí ó sì ti ya ipò òpó kọ̀ọ̀kan sí i kí wọ́n tó kó wọn lọ, àwòrán kan ṣoṣo náà ì bá dá ìtumọ̀ yẹn padà fún gbogbo àwọn tí ó ń wò ó.

Ti Ìbìní tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààfin Ọba Ìbìní jó ní ọdún 1897 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Ọba Eweka Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1914, tún ààfin kọ́, ṣùgbọ́n kò tó ti àtijọ́ ní títóbi, àwọn ère idẹ tí ó kún ara òpó àtijọ́ sì ti lọ sí òkè òkun. Ilé Olóyè Ogiamien, tí iná náà kò jó, ni a fi lè mọ díẹ̀ nínú bí ilé ọlọ́lá ṣe rí ní Ìbìní ṣáájú ọdún yẹn. Òwe wa kò ṣẹ tán níhìn-ín. Ó di dandan kí ohun tí a ó wò kọ́ ilé padà wà níbì kan.

JOS ÀTI ÌWÉ MẸ́TA

Dmochowski kò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí sínú àpótí bébà. Lẹ́yìn tí ó padà sí Pólándì, ó di olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní ìlú Gdańsk, ṣùgbọ́n kò já Nàìjíríà sílẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni èrò tí ó ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ilé ní Jos: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ohun tí a kó sí i jẹ́ ilé fúnra wọn. Ní títóbi wọn gan-an ni a kọ́ wọn. Odi Kano wà níbẹ̀, ààfin Katsina wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mọ́sáláṣí Zaria, èyí tí ọ̀gá ọ̀mọ̀lé Babban Gwani Mikaila kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè dé Zaria lè dúró lábẹ́ òrùlé Zaria ní Jos, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ògiri amọ̀.

Ìwé rẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde. Ó ti kú ní ọdún mẹ́jọ kí ìwé ńlá mẹ́ta tí ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1990, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Àjọ tí ń Bójú tó Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ní Nàìjíríà. Ìwé kìíní sọ nípa ìhà Àríwá, ìkejì nípa Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù àti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, ìkẹta nípa ilẹ̀ Ìgbò. Ìrètí rẹ̀ ni pé àwọn ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò ní kí wọ́n máa kọ́ ilé amọ̀ àti koríko títí ayé. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ òfin tí ó wà nínú ilé baba wọn, kí wọ́n sì fi ohun èlò titun pa òfin náà mọ́.

Ìrètí yìí kò tíì ṣẹ tó bí ó ti yẹ. Gèésì ni a fi kọ ìwé náà, ó wọ́n, ó sì wúwo. Ilé-ìkàwé ńláńlá ni ó ń gbé. Ilé tí a sì ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa lónìí kò ní àgbàlá. Ọ̀nà tóóró la àárín rẹ̀ já, yàrá kọjú sí yàrá, ooru kò sì rí ibi jáde.

OHUN TÍ ÒFIN KÒ LÈ ṢE

Àwọn kan yóò sọ pé òfin wà tí ń dáàbò bo ilé àtijọ́, pé wíwọn ilé kò wá di ọ̀ràn-an-yàn. Ìtàn ilé Fernandez ní Ìgboro Èkó, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, dá wọn lóhùn. Nǹkan bí ọdún 1855 ni a kọ́ ọ ní gbàgede Tinúbú, ní irú ọ̀nà ilé kíkọ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti oko ẹrú Brazil dé mú bọ̀ wálé. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin náà wà lórí ilé yìí fún ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kan. Òfin lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó wó ilé. Òfin kò lè sọ bí ojú fèrèsé rẹ̀ ti fẹ̀ tó.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ

Dmochowski jẹ́ ẹnì kan, ọdún méje ni ó sì lò. Agbo ilé tí kò dé pọ̀ ju èyí tí ó dé lọ fíìfíì. Ọ̀kan wà ní ìlú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré ni ó kù lára rẹ̀. Okùn ìwọ̀n kò wọ́n, pẹ́ńsùlù kò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sílé fún ìsinmi lè wọn agbo ilé baba rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ lè kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wọn ilé olóyè kan ní àdúgbò. Wọn yóò kọ́ ìṣirò, wọn yóò kọ́ ìtàn, wọn yóò sì kọ́ ìwà, nítorí pé wọ́n ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó wọlé.

Apá kan sì wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an. Àwòrán lè fi ìrísí hàn. Kò lè pe orúkọ. Ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkòdì, ìyẹ̀wù, àtẹ́rígbà, àjà, pẹpẹ, ìgànná, kọ̀bì: bí ilé tí ó ní wọn bá ti ń wó ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń kúrò lẹ́nu. Ọmọ tí a bí sí ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá lè gbọ́ ìloro nínú oríkì kí ó má mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ibi kan. Ọ̀rọ̀ àti ilé ń kú pọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di okùn ìwọ̀n mú yẹ kí ó ní ẹnì kejì tí yóò jókòó ti àgbà ilé, tí yóò máa béèrè pé: Bàbá, kí ni ẹ ń pe ibí yìí? Ta ni ó ń sùn níbẹ̀? Èé ṣe tí òpó yìí fi sanra ju ìyẹn lọ? Kí ó sì kọ èsì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán, bí bàbá ti sọ ọ́, ní ohùn ìlú rẹ̀.

Àwọn ará Warsaw kò mọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi okùn wọn ògiri wọn kiri, pé ìlú wọn yóò jó. Wọ́n kàn rí i pé ohun tí ó dára yẹ ní kíkọ sílẹ̀ ni. Nígbà tí iná sì dé, ilé tí a ti wọ̀n dìde padà. Àwọn àgbà wa kò parọ́: ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, bí ẹnì kan bá ṣì wà tí ó mọ bí ó ti rí.